Ọ̀sẹ̀ Kan Lórí Kánààlì Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: Bí Ẹ Ṣe Máa Wa Ọkọ̀ Tẹ́ẹ́rẹ́ Láìfarapa, Láìrì

Ìbéèrè mẹ́ta ló ń wá lemọ́lemọ́ lẹ́nu àwọn tó fẹ́ fi ìsinmi ọmọ iléèwé gbafẹ́ lórí kánààlì. Ṣé a nílò láìsẹ́ǹsì? Ṣé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ lè lọ? Báwo ni ọkọ̀ ṣe ń gba inú lọ́ọ̀kì, yàrá omi tó ní géètì, gòkè?

Ti àkọ́kọ́, rárá. Ilé-iṣẹ́ tó yá yín lọ́kọ̀ ló máa kọ́ yín lọ́jọ́ tí ẹ bá dé, kò sì sí ìdánwò. Ti ìkejì, ó lè lọ. Ní ọ̀pọ̀ ibi, omi kánààlì ò ju ìbàdí tàbí àyà àgbàlagbà lọ. Ṣùgbọ́n inú lọ́ọ̀kì jìn, omi ibẹ̀ tutù, ògiri rẹ̀ sì ń yọ̀. Gbogbo ọmọdé àti ẹni tí kò lè wẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ life jacket nígbàkigbà tí wọ́n bá wà níta. Ilé-iṣẹ́ ló ń pèsè rẹ̀, ẹ sọ ìwọ̀n àwọn ọmọ fún wọn ṣáájú. Ìbéèrè kẹta ló gùn, ẹ óò bá a nísàlẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó

Ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ò fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 10 lọ, ìyẹn bíi mítà 2.1, nítorí pé lọ́ọ̀kì tóóró ò fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 7. Gígùn rẹ̀ ló ń yàtọ̀, láti ẹsẹ̀ bàtà 30 dé 70. Ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 57 tó ẹni mẹ́rin. Ẹ má gba èyí tó gùn jù torí pé ẹ fẹ́ àyè: bí ọkọ̀ bá ṣe gùn tó ni yíyí rẹ̀ ṣe ń le tó.

Bí wọ́n bá kọ "4+2" sí ọkọ̀, ibùsùn gidi jẹ́ ti ẹni mẹ́rin. Méjì yòókù, tábìlì oúnjẹ ni wọ́n máa ń tẹ́ di ibùsùn lálaalẹ́, tí wọ́n á tún tú u láràárọ̀. Ẹ má fi ìyá àgbà sórí ìyẹn.

Ẹ bi wọ́n léèrè:

- Ṣé dísẹ̀lì àti gáàsì wà nínú owó náà, àbí ẹ óò san án lọ́tọ̀?
- Èló ni owó ìdúró, kí ló sì lè mú kí wọ́n má dá a padà?
- Ṣé tọ́ílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní táńkì ńlá tí ẹ̀rọ ń fà, àbí àpótí kékeré tí ẹ̀yin fúnra yín máa lọ dà nù?
- Ṣé aṣọ ibùsùn, táwẹ́ẹ̀lì àti ibi ìgbọ́kọ̀sí wà níbẹ̀?
- Ọ̀nà wo ni wọn ò gbà kí ọkọ̀ wọn gbà?

Láti àárín oṣù Mẹ́ta sí òpin oṣù Kẹwàá ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń yá ọkọ̀. Nínú oṣù Kẹjọ, ọkọ̀ ẹni mẹ́rin fún ọ̀sẹ̀ kan máa ń kọjá £1,000 dáadáa. Bí ẹ ò bá ní ọmọ iléèwé, oṣù Karùn-ún tàbí oṣù Kẹsàn-án ló dára jù, owó rọlẹ̀ díẹ̀, èrò ò sì pọ̀ ní lọ́ọ̀kì. Àjọ Canal & River Trust, tó ń bójú tó nǹkan bíi máìlì 2,000 omi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales láti ọdún 2012, máa ń kéde ibi tí wọ́n bá tì fún àtúnṣe lórí ìkànnì wọn. Ẹ wò ó kí ẹ tó sanwó, kí ẹ tún un wò ní ọjọ́ tí ẹ bá ń lọ.

Ẹ ṣe ìṣirò ọ̀nà kí ọ̀nà má bàa ṣe yín

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ lórí kánààlì kì í ṣe ti ọwọ́, ti ìṣirò ni. Ènìyàn á wo máàpù, á rí máìlì 100, á ní "Ṣebí wákàtí méjì ni lórí títì M1." Ọkọ̀ yìí kì í ju máìlì 3 lọ ní wákàtí kan. Máìlì 4 ni òfin fàyè gbà, ẹ kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibẹ̀.

1. Ẹ ka iye máìlì.
2. Ẹ ka iye lọ́ọ̀kì, kí ẹ sì rò ó pọ̀ mọ́ máìlì.
3. Ẹ fi 3 pín in. Iye tó bá jáde ni iye wákàtí.
4. Ẹ má ṣe ju wákàtí 5 lọ lójúmọ́, pàápàá bí ọmọ kékeré bá wà níbẹ̀.

Máìlì 12 àti lọ́ọ̀kì 9 jẹ́ 21, ìyẹn wákàtí 7: ọjọ́ kan àti ààbọ̀ nìyẹn. Ẹ wá wo Four Counties Ring, òbìrípo tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lé: máìlì 110, lọ́ọ̀kì 94, wákàtí 68. Bí ẹ bá fẹ́ parí rẹ̀ lọ́sẹ̀ kan, ẹ óò wa ọkọ̀ ní bíi wákàtí 10 lójúmọ́. Iṣẹ́ nìyẹn, kì í ṣe fàájì. Ìgbà àkọ́kọ́, ẹ lọ, kí ẹ sì bá ọ̀nà kan náà padà. Ẹ̀yìn tí ẹ kọ sí nígbà àlọ lẹ óò dojú kọ nígbà àbọ̀, ojú ọ̀nà náà kì í sì í jọra.

Ọ̀nà tó yẹ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀:

- Ashby Canal. Máìlì 22, láti Marston Junction lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bedworth títí kọjá Snarestone. Kò ní lọ́ọ̀kì kankan. Bí ẹ bá gba ọkọ̀ lórí kánààlì yìí gan-an, ẹ ò ní kan lọ́ọ̀kì rárá. Ó kọjá ní Hinckley àti nítòsí pápá ogun Bosworth ti ọdún 1485. Omi rẹ̀ ò jìn, ẹ rọra lọ. Fún òpin ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta, a ò rí èyí tó dára jù ú.
- Oxford Canal, apá gúúsù. Napton, Cropredy, Banbury, Lower Heyford, títí dé Oxford. Lọ́ọ̀kì tóóró tó rọrùn láti fi kọ́ṣẹ́, abúlé olókùúta, àti afárá onígi tí ẹ óò gbé sókè fúnra yín. Ẹ má wọ odò Thames láti ibẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ọkọ̀: odò gidi nìyẹn, ó ń ṣàn, ó sì nílò ìdákọ̀ró.
- Kennet and Avon, láàárín Bath àti Bradford-on-Avon. Lọ́ọ̀kì ò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí láàárín méjèèjì, ẹ óò sì gba orí afárá omi (afárá tó gbé kánààlì fúnra rẹ̀) Avoncliff àti Dundas kọjá. Ẹ yà kúrò kí ẹ tó dé Caen Hill ní Devizes, níbi tí lọ́ọ̀kì 29 ti tò léra ní nǹkan bíi máìlì 2.
- Llangollen. Láti Whitchurch tàbí Ellesmere ní Shropshire, ó wọ Wales lórí afárá omi Pontcysyllte tí wọ́n ṣí ní ọdún 1805. Ó ga ní mítà 38, apá kan ò sì ní irin ìdìmú kankan. Ẹni tí òòyì ń kọ́ lè bọ́ sílẹ̀ kó fẹsẹ̀ rìn ní apá tó ní irin. Ọ̀nà yìí kún fọ́fọ́ nínú oṣù Kẹjọ.

Ẹrù àti oúnjẹ

Ẹ̀yin tí ẹ ti lo ínfátà nílé ní Nàìjíríà ti mọ ìdajì ohun tó yẹ. Bátìrì ló gbé iná ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì ló sì ń gba agbára sínú bátìrì bí ẹ bá ń rìn. Fóònù àti kọ̀ǹpútà alágbèéká, kò sí wàhálà. Áyọ́ọ̀nù, kẹ́tù oníná, ẹ̀rọ ìsèrẹsì, ẹ̀rọ ìgbẹrun àti ẹ̀rọ ìlọta ńlá máa mú ínfátà náà kú fin-ín.

Nítorí náà, ẹ lọ ata nílé, ẹ sè é, kí ẹ bù ú sínú ike pẹlẹbẹ kó di yìnyín kí ẹ tó gbéra. Fíríìjì ọkọ̀ kéré, ibi yìnyín rẹ̀ sì kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọbẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lẹ lè rí kó síbẹ̀. Sítóòfù gáàsì ni wọ́n ń lò, ìkòkò tí a fi ń se ìnáwó ò sì ní dúró lórí rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da epo pupa tàbí òróró sínú síǹkì. Omi síǹkì àti ti ìwẹ̀, inú kánààlì ló ń bọ́ sí tààrà. Ẹ fi bébà nu ìkòkò kí ẹ tó fọ̀ ọ́.

Ohun tí wọ́n sábà máa ń gbàgbé:

- Báàgì rírọ̀. Àpótí ìrìnnà líle ò ní ibi tí ẹ óò kó o sí.
- Bàtà tí kì í yọ̀. Slípáàsì kì í ṣe bàtà lọ́ọ̀kì.
- Aṣọ òjò, títí kan inú oṣù Keje
- Ibọ̀wọ́ fún okùn, tọ́ọ̀ṣì, ọ̀bẹ búrẹ́dì tó mú
- Máàpù tàbí ìwé ọ̀nà tó fi nọ́ńbà afárá hàn

Ọjọ́ tí ẹ bá gba ọkọ̀

1. Ẹ dé ní àsìkò tí wọ́n dá. Bí ẹ bá pẹ́, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n máa gé kúrú.
2. Ó kéré tán, kí ẹni méjì jọ kọ́ ọ. Bí awakọ̀ kan ṣoṣo bá rẹ̀, gbogbo yín ti dúró nìyẹn.
3. Ẹ ya fọ́tò ibi tó ti bó tàbí tó ti tẹ̀ lára ọkọ̀.
4. Ẹ ní kí wọ́n fi ibi tí a ti ń pa gáàsì hàn yín, ibi tí a ti ń bu omi, ọ̀pá ìwọ̀n ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, agogo tó ń kìlọ̀ èéfín olóró, àti ìdérí tí a ń gbà yọ pàǹtírí lára abẹ̀bẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ (propeller) tó ń tì í lọ.
5. Ẹ béèrè nípa girísì ibi tí irin abẹ̀bẹ̀ ti jáde. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, a máa ń yí i díẹ̀ ní alaalẹ́. Bí a ò bá yí i, omi á máa kán wọlé.
6. Ẹ má jẹ́ kí olùkọ́ sọ̀kalẹ̀ títí ẹ ó fi dá ọkọ̀ dúró, tí ẹ sì fi okùn so ó lẹ́ẹ̀kan fúnra yín.

Wíwa ọkọ̀

Ọwọ́ ọ̀tún ni a ń gbà bí ọkọ̀ mìíràn bá ń bọ̀, bíi ti títì Nàìjíríà, kì í ṣe bíi ti títì Gẹ̀ẹ́sì. Bí kò bá sí ẹni tó ń bọ̀, ẹ dúró sí àárín, ibẹ̀ ló jìn jù.

Ẹ ti ọ̀pá ìtọ́kọ̀ sí òsì, imú ọkọ̀ á lọ sí ọ̀tún. Kò ní ṣe é lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ á tún ti ọ̀pá náà sí i, ọkọ̀ á wá yí ju bó ṣe yẹ lọ, á sì lọ forí sọ igbó. Ẹ tì í díẹ̀, ẹ dúró, ẹ wò ó. Àárín ọkọ̀ ló fi ń yí: bí imú bá lọ sí ọ̀tún, ìdí á gbá sí òsì. Ẹ máa wo ẹ̀yìn.

Kò ní bíréèkì. Rìfáàsì ni bíréèkì rẹ̀, ó sì ń gba àkókò kó tó dúró. Bí ẹ bá ń lọ sẹ́yìn, ìtọ́kọ̀ ò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣiṣẹ́ mọ́.

- Bí omi bá ń fọ́ lu etí bèbè lẹ́yìn yín, eré yín ti pọ̀ jù.
- Ẹ ti dín eré kù kí ẹ tó dé ibi tí wọ́n so ọkọ̀ mọ́. Ilé àwọn kan nìyẹn, omi yín lè fa irin tí wọ́n fi so ó tu, kó sì da tíì wọn nù.
- Bí ẹ bá ń gba abẹ́ afárá, kí ẹnikẹ́ni má jókòó sórí òrùlé.
- Ọkọ̀ yìí wúwo ju tọ́ọ̀nù 10 lọ. Ẹ má fi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ tì í kúrò lára ògiri láé. Ẹ jẹ́ kó kọ lu ú. A lè fọ̀dà kun irin, ẹsẹ̀ ò ṣe é kùn.

Ẹ kì í lè yí ọkọ̀ padà níbikíbi, kánààlì ò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n gbẹ́ fẹ̀ fún un ni wọ́n ń pè ní winding hole, máàpù máa ń fi hàn. Ẹ ki imú ọkọ̀ bọ ibi tó yọ sí ẹ̀gbẹ́ náà, kí ẹ wá fi ẹ́ńjìnnì gbá ìdí rẹ̀ yíká.

Lọ́ọ̀kì

Yàrá omi ni, bíríkì tàbí òkúta ni wọ́n fi mọ ọ́n, ó ní géètì lókè àti nísàlẹ̀. Paddle ni ìdérí ihò tí omi ń gbà wọlé tàbí jáde. Windlass ni irin tó tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́ tí a fi ń ká paddle sókè. Kò sí ẹ̀rọ mìíràn: omi fúnra rẹ̀ ló ń gbé ọkọ̀. Ẹni kan á wà lórí ọkọ̀, ẹni kan tàbí méjì á wà nílẹ̀.

*Bí ẹ bá ń gòkè:*

1. Ẹ so ọkọ̀ mọ́ etí lọ́ọ̀kì nísàlẹ̀. Ẹni ilẹ̀ á mú windlass lọ wo iwájú. Bí lọ́ọ̀kì bá ti kún, tí ẹlòmíràn sì ń bọ̀ lókè, tiwọn ni. Ẹ dúró dè wọ́n, ẹ má fi omi ṣòfò.
2. Bó bá kún tí ẹnikẹ́ni ò sì bọ̀, ẹ rí i pé gbogbo ti òkè ti wà ní pípa, kí ẹ ká paddle ìsàlẹ̀ sókè títí omi á fi gbẹ dé ìwọ̀n tiyín.
3. Ẹ ṣí géètì ìsàlẹ̀, ọkọ̀ á wọlé. Ẹ ti géètì, ẹ sọ paddle rẹ̀ kalẹ̀.
4. Ẹ lọ sókè, ẹ ká paddle ilẹ̀ ní ìdajì. Ẹ wo awakọ̀. Bí ọkọ̀ bá dúró jẹ́jẹ́, ẹ ká a tán. Bí paddle bá wà lára géètì fúnra rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án títí omi á fi bo ẹnu rẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ omi á da sínú ọkọ̀ láti iwájú.
5. Bí omi inú àti ti òde bá dọ́gba, géètì á ṣí nígbà tí ẹ bá fi ìdí tì í. Bó bá kọ̀, omi ò tíì dọ́gba ni. Agbára kọ́, sùúrù ni.
6. Ọkọ̀ á jáde. Ẹ ti gbogbo géètì, ẹ sọ gbogbo paddle kalẹ̀ kí ẹ tó lọ.

*Bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀,* òdìkejì rẹ̀ ni, pẹ̀lú ewu kan tó ju gbogbo ìyókù lọ. Lábẹ́ géètì òkè, ìpìlẹ̀ òkúta kan yọ síwájú, cill lorúkọ rẹ̀. Bí lọ́ọ̀kì bá kún, ẹ ò ní rí i. Bí ìdí ọkọ̀ bá wà lókè rẹ̀ nígbà tí omi ń lọ sílẹ̀, ìdí á há sórí òkúta, imú á máa bá omi lọ, ọkọ̀ á sì rì láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Ìlà funfun wà lára ògiri tó fi ibẹ̀ hàn. Gbogbo ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà níwájú ìlà náà. Ẹni ilẹ̀ kò gbọdọ̀ ká paddle kankan títí awakọ̀ á fi gbé ọwọ́ sókè pé òun ti wà níbẹ̀.

Ẹ má sì so okùn mọ́lẹ̀ pinpin nínú lọ́ọ̀kì. Ẹ lọ́ ọ mọ́ òpó lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ mú etí rẹ̀ lọ́wọ́, kí ẹ máa tú u bí omi ṣe ń lọ. Okùn tí wọ́n so pa máa ń fi ọkọ̀ rọ̀ bí ẹran alápatà.

*Bí ohunkóhun bá há:* ẹ kígbe, ẹ sọ paddle tó ṣí kalẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹ wá rọra ṣí ti òkè kí omi lè tún gbé ọkọ̀ náà. Bí ẹ bá ń gòkè tí imú ọkọ̀ há sábẹ́ géètì, ti ìsàlẹ̀ lẹ óò ṣí.

Ẹ má fi windlass sílẹ̀ lórí irin paddle kí ẹ gbọ́wọ́ kúrò. Bí eyín tó dì í mú bá yọ̀, irin náà á máa fò yípo, ó sì lè ṣẹ́ apá ènìyàn. Ẹ ní méjì lọ́wọ́, nítorí ọ̀kan á bọ́ sómi ṣáá ni.

Ìdákọ̀dúró, omi àti tọ́ílẹ́ẹ̀tì

Ẹ ti wá ibi ìdúró kí ó tó di agogo 5 ìrọ̀lẹ́, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ò sì gbà kí ẹ wa ọkọ̀ lálẹ́. Apá ipa ẹsẹ̀ ni a ń so ó mọ́, yàtọ̀ sí ibi tí wọ́n bá kọ ọ́ pé ẹ má dúró, etí lọ́ọ̀kì, abẹ́ afárá, kọ́nà, ibi ìbumi àti winding hole. Níbi tí irin bá wà létí bèbè, ẹ fi ìkọ́ sí i. Bí kò bá sí, ẹ gbá èèkàn wọlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ omi, kì í ṣe lórí ipa tí ènìyàn ń gbà, kí ẹ sì fi nǹkan funfun sí i lórí. Okùn iwájú kọjú síwájú, ti ẹ̀yìn kọjú sẹ́yìn. Ẹ má ṣe tan ẹ́ńjìnnì láàárín agogo 8 alẹ́ sí 8 òwúrọ̀.

Ẹ máa bu omi kún táńkì lójoojúmọ́ bí ẹ bá pọ̀. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì ò fẹ́ ju ohun tó ti inú ènìyàn jáde àti bébà rẹ̀ lọ: kò sí wáìpù, kò sí páàdì. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi omi búùtà ṣe ìmọ́tótó, ó dára, ṣùgbọ́n táńkì á tètè kún, ẹ fi èyí sọ́kàn kí ẹ máa wo ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun, eku ń tọ̀ sínú omi kánààlì, àìsàn wà níbẹ̀.

Bí ẹ bá dá iná sínú sítóòfù, ẹ má dí ihò afẹ́fẹ́ torí òtútù. Ohun èlò ìsunẹran kò gbọdọ̀ wọ inú ọkọ̀, kódà lẹ́yìn tí iná rẹ̀ bá ti kú.

Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀

*Ọkọ̀ ń gbọ̀n, agbára rẹ̀ lọ, èéfín ń jáde.* Nǹkan ti wé mọ́ abẹ̀bẹ̀: ọ̀rá, okùn, aṣọ.

1. Ẹ so ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sápò.
2. Ẹ ṣí ìdérí tí wọ́n fi hàn yín lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ẹ fi ọ̀bẹ gé e.
3. Ẹ dé ìdérí náà, ẹ dè é le, ẹ tún un wò, kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ tó bá gbéra pẹ̀lú ìdérí tó ṣí máa ń fa omi kún inú ara rẹ̀.

*Ọkọ̀ gúnlẹ̀ sórí ẹrẹ̀.* Ẹ má tẹ iná mọ́ ọn síwájú, ńṣe ló máa rì wọlé sí i. Rìfáàsì ni, kí gbogbo èrò bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tó jìn, kí ẹnì kan fi ọ̀pá gígùn ti ilẹ̀.

*Ènìyàn bọ́ sómi.* Ẹ mú abẹ̀bẹ̀ dúró kíákíá, ẹ má rìfáàsì lọ bá a. Ẹ ní kó dìde dúró, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè kan ilẹ̀. Bó bá jẹ́ inú lọ́ọ̀kì ni, ẹ sọ gbogbo paddle kalẹ̀ kí ẹ sì ju okùn sí i.

*Ẹ nílò 999, nọ́ńbà pàjáwìrì.* Kò sí àdírẹ́sì lórí omi. Ẹ sọ orúkọ kánààlì àti nọ́ńbà afárá tó súnmọ́ yín, ó máa ń wà lára afárá náà. Ẹ máa sọ nọ́ńbà afárá tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá sókè kí gbogbo èrò ọkọ̀ lè gbọ́.

*Ọjọ́ ìdápadà.* Agogo 9 òwúrọ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń gba ọkọ̀ padà, wọ́n sì máa ń gba owó lórí wákàtí tó bá lé. Ibi tí kò ju wákàtí kan lọ sí ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹ sùn ní alẹ́ tó kẹ́yìn, kí ẹ ti gbá inú ọkọ̀ mọ́, kí ẹ sì ti kó báàgì yín sí iwájú kí ẹ tó sùn.